Olú Abẹ́ Igi ní Castle Green

Sátidé, oṣù Òkítóbà

Ara mi ò tíì balẹ̀ láti ọ̀sán! Olú ni mo rí. Olú funfun tó fẹ̀ bí àwo, lábẹ́ igi kan nítòsí pápá Castle Green nílùú òyìnbó níbí, níbi tí èmi àti Bísọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ti lọ ń já èso blackberry. Ẹnu ọmọ náà ti dúdú bí ẹni tó mu yíǹkì.

Mo pariwo, "Yéè! Olú ọ̀gán rèé!" Mo ti fà á tu, mo sì ti tú ìborùn mi láti fi dì í. Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti gba imú mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, olú inú ike nìkan ni mò ń jẹ.

Bísọ́lá ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó lọ wo ẹ̀yìn igi, ó padà wá. "Grandma, ọ̀gán yẹn dà? You said ilé ikán ló máa ń hù sí."

Ọwọ́ mi dúró. Ta ló rí ilé ikán ní Barking níbí rí? Olú wo wá ni mo fẹ́ sè fún ọmọ ọlọ́mọ yìí?

Mo jù ú nù, mo fi koríko nu ọwọ́ títí. Bóyá kí n má sọ fún ìyá rẹ̀...

Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju ti ẹni tó jẹ olú lọ! Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ilé fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ máa ń pa dé, mo sì máa ń rò pé ó ti sùn.

Àṣé ó ń gbọ́.