Ẹwìrì fún Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bàbá mi, adákẹ́-má-fọhùn,

Inú ń bí mi sí yín. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó kí yín, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ kí yín, ẹ̀rín yín á wá sí mi lọ́kàn, màá sì gbàgbé ìjà tí mo gbé wá.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara Màmá le. Òun àti Ìyá Rìsí, ará ilé kejì, ti ń kí ara wọn báyìí. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Èmi náà wà níbi tí ẹ fi mí sí, mo ṣì ń tún fáànù àti inífátà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, iná ìjọba sì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ wà láyé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ni mo bá wá.

Lẹ́yìn tí a sin yín, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní kí á ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ní ọkọ̀ tí kò lè gun òkè kì í ṣe ọkọ̀ mọ́, pé ilé adìyẹ ni. Màmá kọ̀. Ó ní ọkọ̀ tí ọkọ òun fi ń kó aṣọ lọ sí ọjà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni yóò gbé òun lọ síbi sàréè yín ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, lọ́jọ́ fìdáù ọdún kan yín, òun ò ní wọ kẹ̀kẹ́ lọ kí ọkọ òun. Bàbá Kékeré ní kò burú: bí ọkọ̀ bá gbé Màmá dé ibẹ̀, òun á pa ẹnu òun mọ́. Bí kò bá gbé e débẹ̀, kí àwọn onírin wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Màmá yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ló wò.

Ẹ mọ ìwà ọkọ̀ yín. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí òkè, á máa mí gúlegúle, á wúkọ́, á wá dúró. Mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó ní ẹ́ńjìnnì ló ti darúgbó, kí á lọ ra òmíràn. Mi ò gbà fún un. Orí fóònù ni mo ti rí àwọn ará òkè òkun tí wọ́n ń gbé fáànù tó ń lo bátìrì sí imú ẹ́ńjìnnì, tí fáànù ń ti afẹ́fẹ́ sí i nínú, kí iná inú rẹ̀ lè gbilẹ̀, kí agbára ọkọ̀ sì pọ̀ sí i. Bí mo ṣe rí i, ẹwìrì ló wá sí mi lọ́kàn. Ṣé ẹ rántí alágbẹ̀dẹ Ìmùṣin tí ẹ máa ń mú mi lọ bá nígbà tí mo kéré? Ó ń fín ẹwìrì, èédú ń pọ́n, irin ń rọ̀, ẹ̀yin sì dúró síbẹ̀ ẹ̀ ń wò, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo ní tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni iná ọkọ̀ yín ń fẹ́, èmi ọmọ yín á ṣe ẹwìrì oníná fún un.

Bàbá, mo jìyà. Fáànù rédíétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti bàjẹ́ ni mo tú. Mo gé ike ọ̀dà, mo fi ṣe ilé fún un. Mo fi páìpù omi so ó mọ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́, mo fi rọ́bà inú táyà dì í. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo so wáyà bátìrì sódì, fáànù ń yí sẹ́yìn, ó ń fẹ́ eruku sí mi lójú. Mo tún un so. Ó wá ń yí dáadáa, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, àwọn ọlọ́kadà ń béèrè bóyá mo fẹ́ fò ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ iná ọkọ̀, páìpù á já kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, pàà. Mo dì í, ó já. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó já. Ó ń ṣe bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú lọ́hùn-ún tó ń ti ọwọ́ mi padà. Ìgbà kan tí kò já, mo gbé ọkọ̀ náà lọ síbi òkè, ó gòkè díẹ̀, ó sì dákú. Ṣe ni mo padà sẹ́yìn títí mo fi dé ìsàlẹ̀, àwọn èèyàn ń kí mi kú iṣẹ́.

Èwo ni kí n tún ṣe? Mo ti yẹ gbogbo ara ọkọ̀ náà wò, àfi ibì kan ṣoṣo. Àpótí dúdú tó wà láàárín páìpù mi àti ẹ́ńjìnnì, ibi tí fítà wà, tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin lẹ fi wáyà so ó pa. Mẹkáníìkì fẹ́ tú u, èmi ni mo ní kí ó má fọwọ́ kàn án.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀ bí? Ọwọ́ yín ni wáyà yẹn. Kò sí ohun tí ẹ kì í fi wáyà so nínú ilé wa, láti orí ẹsẹ̀ àga dé ọwọ́ ìkòkò. Ẹ ó lọ́ ọ sí apá òsì, ẹ ó wá tẹ ẹnu rẹ̀ wọlé kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé bí mo bá tú u, ibi kan tí ọwọ́ yín wà láyé ti lọ nìyẹn.

Ikọ́ yín náà ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe so ó. A béèrè, ẹ ní òtútù ni. A tún béèrè, ẹ ní òtútù ni. Ẹ ó wúkọ́ sínú ańkáṣíìfù, ẹ ó ká a, ẹ ó fi sápò, ó parí. Ìgbà tí dókítà fi máa dárúkọ rẹ̀ fún wa, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín nìkan kọ́ ló dákẹ́, Bàbá. Tiwa náà bá a dákẹ́.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a máa ṣe fìdáù, páìpù tún já, ó gbá mi lẹ́nu. Inú bí mi débi pé mo gbé píláyà yín, mo gé wáyà náà, mo ṣí àpótí. Fítà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ sì ti fi aṣọ wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Eruku pupa ọ̀nà oko ti mu aṣọ náà yó, ó ti gan bí awọ. Mo tú u, mo gbọn ọ́n, mo rí òwú pupa tí a fi ká etí rẹ̀.

Asẹ́ ògì Màmá ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, tí aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù yín dé àjà, asẹ́ ògì Màmá lẹ lọ gbé, nítorí ti ṣọ́ọ̀bù títà ni. Ìjẹ̀bú ni yín lóòótọ́. Ẹ rò pé ohun tó bá lè sẹ́ ògì tó fi jọ̀lọ̀, ó yẹ kó lè sẹ́ eruku. Ó kúkú sẹ́ ẹ. Ó sẹ́ eruku, ó sẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin lẹ fi aṣọ dí ọkọ̀ yín nímú, tí èmi wá ń fi ẹwìrì ti afẹ́fẹ́ lu aṣọ.

Ẹ sì gbọ́ o nígbà yẹn. Lójoojúmọ́ ni Màmá ń béèrè asẹ́ rẹ̀. Ó fẹ̀sùn kan Ìyá Rìsí, wọn ò kí ara wọn mọ́, ẹ̀yin jókòó, ẹ ń mu ògì. Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀? Ẹ̀rù Màmá ni àbí ẹ̀rín?

Mo tú ẹwìrì mi kúrò. Mo gbọn fítà, mo dá a padà láìwé e, mo fi wáyà so àpótí. Mo gbìyànjú láti lọ́ ọ bíi tiyín, ó gún mi lọ́wọ́. Mo gbé asẹ́ náà fún Màmá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì lọ bẹ Ìyá Rìsí. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ yín gbé Màmá, èmi àti Bàbá Kékeré gun òkè náà láìwúkọ́. Bàbá Kékeré ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ náà dára. Gbogbo iṣẹ́ mi já sí asán, ó yẹ kí inú mi dùn, inú mi ò dùn. Aṣọ kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu yín ni ìbá sì gbà á.

Nígbà tí àwọn àlùfáà ṣàdúà tán, Màmá ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ díẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúró tì í. Ó tú etí ìborùn rẹ̀, ó yọ aṣọ náà jáde. Ó ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò funfun mọ́. Ó tẹ́ ẹ sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni fi ọjà han oníbàárà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi orí yín.

"Alájì," ó ní, "mo ti rí asẹ́ mi."

Ẹ ò dáhùn. Ẹ ò kúkú dáhùn rí.

Ọmọ yín obìnrin tó jogún píláyà yín, tí inú ṣì ń bí, tó sì ń fẹ́ kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan péré.