Mo Ti Gbé Ọkọ̀ Yín Jáde

Baálé mi,

Tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ẹ kò rí ọkọ̀ yín níwájú ilé, ẹ má pariwo olè. Èmi ni mo fi gbé ìyá yín lọ síbi iṣẹ́ abẹ ojú wọn. Ẹ ní ká sún un síwájú torí pé ọkọ̀ ń gbóná, àmọ́ ojú tó ń lọ kì í dúró de mẹkáníìkì.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. Kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì ní kẹ́ ẹ pààrọ̀. Rọ́bà tó ń gbé omi lọ síbẹ̀ ló ya. Mo sáré lọ mú irú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú òkú ọkọ̀ tà, mo fi sípánà yín dè é, mo sì wà á yí àdúgbò ká. Kò gbóná. Èyí tó ya wà lórí tábìlì. Ẹ wò ó kí ẹ tó bínú.

Ìyá ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, lórí àga tí mo fi àgékù awọ láti ṣọ́ọ̀bù mi rán. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ tí ọmọ mi ní ó ti kú nìyí? Òkú yìí mà tù mí lára."

Ẹ sọ fún akunkọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé e fún pé mi ò fẹ́ kó kùn ún ní pupa. Àgbà ọkọ̀ ni, dúdú ló yẹ ẹ́.

Oúnjẹ wà lórí sítóòfù. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò wá bá wa nílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì fá irùngbọ̀n yín. Ìyá ní, "Ojú ọmọ mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."