Obìnrin Inú Fóònù Tó Ń Kọ́ Bàbá Rẹ Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣọ́ Owó Ná

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín ní àlọ àti ní àbọ̀, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ́, ọwọ́ yín kò ní gbẹ, ẹ ò sì tún ní fi ọwọ́ ara yín ra wàhálà bí o ṣe ra èyí tí mo fẹ́ kọ sí ọ yìí. Ara mi le. Ara bàbá rẹ náà le, ó tiẹ̀ le jù. Bí o bá gbọ́ pé mo kó ẹrù jáde nílé ọkọ mi lọ́jọ́ ogbó, má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni, obìnrin tí o fi sínú fóònù bàbá rẹ ló fà á.

Ìwọ lo ní kí wọ́n máa wò ó. O ní gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, o ní obìnrin náà ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná lórí oúnjẹ àti nǹkan ìlò ilé. Mo ní kò burú. Mi ò mọ̀ pé àràárọ̀ lá máa wá. A ò tíì fọ ẹnu tán táá ti máa rẹ́rìn-ín nínú fóònù, á ní ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin èèyàn òun, bàbá rẹ á dáhùn, wọ́n á tún béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Èmi náà kí i lọ́jọ́ kan, kó má bàa ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, kò dá mi lóhùn. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni, pé ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ilé ìdáná rẹ̀. Èmi tí mo ti ń dáná kí wọ́n tó bí i. Kì í sì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ o. Tí dátà tí bàbá rẹ rà bá ti tán, á dákẹ́ lójijì, á la ẹnu sílẹ̀ gbayawu, kò ní sọ gbólóhùn kan mọ́ títí wọ́n á fi lọ ra òmíràn fún un. Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé owó tí à ń ṣọ́ ná náà la fi ń san owó olùkọ́. Wọ́n ní ojú mi ò là.

Obìnrin yìí ló ní nǹkan tí kì í bàjẹ́, ká máa rà á lápò, ká yé rà á ní díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ lọ ra iyọ̀ lápò. Àwa méjì la wà nílé, dókítà sì ti ní kí bàbá rẹ jìnnà sí iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Káfíńtà àdúgbò wa ló bá wọn gbé e wọlé, ó gbowó, ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kí n tó rí ibi gbé àpò náà sí, ìyàwó káfíńtà ti dé tòun ti abọ́, ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa dé. Gbogbo àdúgbò yìí ò ra iyọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ta ni mo fẹ́ fi iyọ̀ dù, nígbà tí wọ́n ń rí àpò látojú fèrèsé? Ìyá oníyọ̀ tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti lóyún rẹ kò kí mi mọ́, ó ní mo ti gba oúnjẹ lẹ́nu òun.

Mi ò tíì gbàgbé ìyẹn tí ti ọṣẹ fi dé. Obìnrin náà ní tí èèyàn bá ra méjì, kó gba ẹ̀kẹta lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ lọ bá ọlọ́ṣẹ, wọ́n sanwó méjì, wọ́n ti ẹ̀kẹta bọ àpò. Ọlọ́ṣẹ di ẹ̀wù wọn mú láàárín ọjà. Wọ́n ní obìnrin náà ló ní kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀, ọlọ́ṣẹ ní obìnrin wo. Èmi ni mo lọ bẹ̀bẹ̀, tí mo san owó ẹ̀kẹta, tí mo tún sanwó fún télọ̀ tó rán bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn tó já. Ojú tì mí, ojú ò ti bàbá rẹ. Wọ́n ní ìròyìn náà ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́ṣẹ.

Èyí tó wá dun èmi jù ni ti iná. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tan iná méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Láti ìgbà náà, yàrá tí bàbá rẹ bá wọ̀ ni mò ń tẹ̀ lé wọn wọ̀. Àná ni wọ́n wá pè mí jókòó, wọ́n ní àwọn ti ronú ọ̀rọ̀ iná náà dé ìdí. Wọ́n ní kí ló dé tí à ń tan iná níbí, tí ọmọ wa ń tan tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ìkòkò kan níbí, ìkòkò kan lọ́hùn-ún? Wọ́n ní ìnákúnàá ni, ilé kan tó gbogbo wa. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní àwọn ti fi ilé háyà fún télọ̀, ó ti sanwó.

Mo sunkún. Ilé yìí ni mo bí gbogbo yín sí, mo mọ ibi tí òjò ti ń jò níbẹ̀ àti ibi tí ilẹ̀kùn ti ń há. Bí mo ṣe ń sunkún lọ ni mo rántí ẹni tó rán obìnrin náà sí wa. Omijé dá. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo nu ojú mi, mo ní ká máa lọ.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí o fi owó bọ́tìnnì mi kún un. Bàbá rẹ ní ti àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, wọ́n ní ìnákúnàá ni owó àbọ̀. Bá mi sọ fún ìyàwó rẹ pé kó má bínú, mo mọ̀ pé yàrá kan lẹ ní, àmọ́ bàbá rẹ ní iná kan péré ni yàrá kan máa lò. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú yín, ilé yín kò ní há mọ́ yín, àlejò kò ní sú yín, ẹ ó máa rí i jẹ, ẹ ó máa rí i fún èèyàn.

Ẹ má sì ra iyọ̀. A ń gbé e bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń di ẹrù lọ́wọ́.