Kumakura Ni, Kì Í Ṣe Namakura: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Kumakura Yasunari (1957–2023)

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ará Sanjō tí ẹ la inú yìnyín kọjá wá bá wa kẹ́dùn, ẹ kú ẹsẹ̀ rìn. Ìdílé Kumakura fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ lónìí pé láti Hokkaido títí dé Okinawa, kò sí ilé kan tí wọn kò ti mọ orúkọ olóògbé wa, Kumakura Yasunari.

Bí a ṣe kọ gbólóhùn yẹn tán láná ni ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ rí àtùpà ọ̀fọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó dúró. “Ta ló kú o?”

“Kumakura Yasunari ni.”

“Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. N ò mọ̀ wọ́n.” Ó tẹríba, ó ti ń lọ.

Fusae, àbúrò Olóògbé lóbìnrin, kò lè mú un mọ́ra. “Àwọn ló ṣe eré géèmù *Akóyìnyín*!”

Ọkùnrin náà yí padà. Ó jókòó sínú yìnyín tòun ti kóòtù olówó iyebíye. “Namakura? Ṣé Namakura ló kú?” Ẹkún tó sun, àwa tí a ni òkú kò tíì sun tó bẹ́ẹ̀. Tíì gbígbóná la fi bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, a kó ọ̀rọ̀ wa jẹ. A ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ.

A bí Olóògbé ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1957 sí agbo ilé Kumakura, alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní ìlú Sanjō. Bàbá wọn ni Bàbá Kumakura Tokuzō, ìyá wọn sì ni Ìyá Kumakura Shige. Gbogbo ọ̀bẹ tó bá ti ọwọ́ Bàbá Tokuzō jáde ni wọ́n máa ń gbẹ́ orúkọ ìdílé sí lára. Bí kò bá ní orúkọ, wọn kò ní tà á, bó ti wù kó mú tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni pé, “Ẹni tó ṣiṣẹ́ tí kò forúkọ sí i, bí kò bá jí iṣẹ́ náà, ojú rẹ̀ ló ń tì í.”

Olóògbé wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, Bàbá gbé òòlù lé wọn lọ́wọ́. Òkú la ń sin, a kò ní purọ́: ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tí Olóògbé rọ kò lè gé tófù, oúnjẹ tí arúgbó tí kò léyín ń gbé mì. Bàbá fi àtàǹpàkò yẹ ẹnu ọ̀bẹ náà wò. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n dì mú. Wọ́n ní, “Kumakura kọ́ ni ìwọ. Namakura ni ọ́.”

Namakura ni ọ̀bẹ tí kò mú. Òun náà la fi ń pe ọ̀lẹ. Bí a bá kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀, àmì kan ṣoṣo ló yàtọ̀, èyí tó wà níwájú. Àdúgbò gbọ́, ó parí. “Namakura, ṣé o ti jẹun?” “Namakura, bá mi pe ìyá rẹ.” Fusae, tí ẹnikẹ́ni kò fún ní òòlù, ló lọ mú òòlù fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ tirẹ̀ gé tófù, ó gé pákó tó wà lábẹ́ tófù.

Olóògbé kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ní Nagaoka, wọ́n sì jáde ní ọdún 1979. Ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ kan gbà wọ́n ní Tokyo. Wọ́n fóònù sílé tayọ̀tayọ̀.

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀?” Bàbá béèrè.

“Eré ni mò ń ṣe, Bàbá.”

“Mo mọ̀ pé eré lò ń ṣe. Iṣẹ́ ni mo béèrè.”

“Iṣẹ́ náà ni, Bàbá. Eré géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ni. Èmi ni mo ń ro bí yóò ṣe rí, kí àwọn ènìyàn lè máa ṣe é.”

“Orúkọ rẹ wà lára rẹ̀?”

“Kò tíì sí.”

“Ọjọ́ tó bá wà níbẹ̀, kí o pè mí wá wò ó. Títí di ọjọ́ náà, mi ò lọ́mọ ní Tokyo.” Bàbá gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Olóògbé lára. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n nígbà náà á sọ fún yín pé kì í ṣe òkìkí ni wọ́n ń wá. Ojú ènìyàn kan ṣoṣo, tó wà nídìí ẹwìrì ní Sanjō, ni wọ́n fẹ́ kó rí orúkọ wọn.

Ní ọdún 1983, Olóògbé fẹ́ Arábìnrin Michiyo, tó ń kọ orin sínú eré ní ilé iṣẹ́ kan náà. Níbi ìgbéyàwó, Bàbá Tokuzō dìde láti fi ọmọ wọn han àwọn àlejò. Wọ́n ní, “Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo. Ó ní í ṣe pẹ̀lú iná mànàmáná.” Wọ́n jókòó. Kí àsè tó tán, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti gbé rédíò tó bàjẹ́ wá bá ọkọ tuntun.

Ọdún 1985 ni Olóògbé bẹ̀rẹ̀ *Akóyìnyín*. Yìnyín ń bo abúlé kan mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan mú ṣọ́bìrì, ó ń fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé, ó gbọ́dọ̀ kó yìnyín kúrò kí ó tó dí ihò èéfín ilé ìyá rẹ̀. Bó bá pẹ́, òrùlé á wó. Bó bá kánjú, á yọ̀ ṣubú. Ọ̀nà tí Olóògbé ń gbà ṣiṣẹ́ kò ju báyìí lọ: wọ́n á pe ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, wọ́n á ní kó ṣe é wò, wọ́n á dúró sẹ́yìn rẹ̀. Tí onítọ̀hún bá ṣubú tó rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣubú tó pòṣé, wọ́n á tún ibẹ̀ ṣe.

“Èmi pòṣé, mo tún rẹ́rìn-ín,” ni Michiyo wí. “Èwo lẹ fẹ́ gbà?”

“Èwo ló ṣáájú?”

“Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ẹ ṣe dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń fi rẹ́rìn-ín.”

Eré parí, ó kù kí wọ́n to orúkọ àwọn tó ṣe é sí ìparí rẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ń yọ́ fa òṣìṣẹ́ ara wọn lọ. Ọ̀gá Awazu, olórí ilé iṣẹ́ náà, kéde pé kò gbọdọ̀ sí orúkọ gidi níbẹ̀, kí kálukú mú ìnagijẹ wá kó tó di ọ̀sán. Olóògbé wọlé lọ kúnlẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Bí bàbá mi ò bá rí orúkọ mi níbẹ̀, wọn ò lọ́mọ.”

“Bí ilé iṣẹ́ kejì bá rí orúkọ rẹ níbẹ̀,” ni Ọ̀gá Awazu wí, “èmi náà ò lọ́mọ. Dìde.”

Ẹnì kan ti mú Dókítà Tófù. Ẹnì kan ti mú Ọ̀pọ̀lọ́ Oṣù Kẹfà. Michiyo bi ọkọ rẹ̀ pé, “Kí ni wọ́n ń pè yín nílé?” Nígbà tó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. “Ẹ fi síbẹ̀ jàre! Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ orúkọ yín.”

Ní ìparí ọdún 1986, Olóògbé gbé eré náà àti ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí Sanjō. Wọ́n sọ fún Bàbá pé orúkọ àwọn tó ṣe é wà ní ìparí. Wọn kò sọ irú orúkọ wo. Wọ́n jẹ dango, òkèlè ìrẹsì dídùn tí a fi ewé wé, tí Ìyá ṣe, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú irin padà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Bàbá Tokuzō rò pé ìparí eré rí bí ìparí ìwé. Wọ́n ní kí Ìyá Shige bá wọn ṣí i dé ẹ̀yìn.

“Kò ṣeé ṣí, Bàbá Yasu. Ó ní kí ẹ máa fò.”

Ẹni ọgọ́ta ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n ṣubú, wọ́n bú ọkùnrin oníṣọ́bìrì, wọ́n bú ẹni tó bí ẹni tó ṣe é, wọ́n wá rántí ẹni tó jẹ́. Ẹwìrì tutù. Àwọn oníbàárà wá, wọ́n dúró síta.

“Bàbá Yasu, wọ́n ń béèrè yín o.”

“Sọ fún wọn pé mo wà lórí òrùlé.”

Àwọn oníbàárà wo orí òrùlé, wọn ò rí ẹnikẹ́ni, wọ́n gba ilé lọ tẹ̀rùtẹ̀rù.

Yìnyín gidi ti ń yọ́ kúrò lórí ilé wa kí Bàbá tó dé ilé ìyá oníṣọ́bìrì. Orin Michiyo ń dún, àwọn orúkọ ń gòkè bọ̀. Èyí tó ṣáájú ni NAMAKURA.

Ìyá pàtẹ́wọ́. “Orúkọ rẹ̀ rè é!”

“Èwo ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀?” Bàbá ti dìde. “Wọ́n ti ṣì í kọ! Àmì kan péré! Odidi ilé iṣẹ́, wọn ò mọ Kumakura kọ!”

Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ni Bàbá wọ̀ lọ sí Tokyo. Ọjọ́ náà gan-an ni ilé iṣẹ́ ń ṣe àlejò àwọn oníròyìn nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, àwọn ará ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti yọ́ wọlé láàárín wọn. Bàbá dúró láàárín gbogbo wọn tàwọn ti bàtà òjò.

“Ta ni ọ̀gá ibí? Ẹ ti ba orúkọ ọmọ mi jẹ́!”

“Bàbá, ẹ rọra,” ni Ọ̀gá Awazu ń bẹ̀bẹ̀. “Ẹ má pe orúkọ kankan. Mo fi ọlọ́jọ́ òní bẹ̀ yín.”

“Kí n má pè é? Kumakura ni, kì í ṣe Namakura! Kumakura Yasunari, ọmọ Tokuzō ti Sanjō, òun ló ṣe é! Òun ló ro gbogbo rẹ̀! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!”

Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Olóògbé sáré sọ̀kalẹ̀ wá lórí àtẹ̀gùn, ojú wọn ti pọ́n. “Bàbá, wọn ò ṣì í kọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ta ló ń pè ọ́ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Bàbá wo ilẹ̀, wọ́n wo Ọ̀gá Awazu bí ẹni pé ẹjọ́ rẹ̀ ni. “Èmi ni mo bí i, mo lè pè é bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kí gbogbo Japan bá mi pè é?” Wọ́n dé fìlà. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tún yíjú padà. “Òrùlé tó kẹ́yìn yẹn ti le jù.”

Olóògbé bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ pòṣé níbẹ̀?”

“Mo pòṣé.”

“A ó tún un ṣe, Bàbá.”

“Má fọwọ́ kàn án! Èmi ti kọjá. Jẹ́ kí àwọn yòókù náà ṣubú.”

Báyìí ni Bàbá Tokuzō ṣe gbà pé àwọn lọ́mọ ní Tokyo.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé iṣẹ́ kan pè láti wá fa Kumakura lọ. Kumakura méjì ló wà ní ilé iṣẹ́ Ọ̀gá Awazu, ẹni tó ń gba fóònù sì fà á fún ẹnì kejì, tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù. Ọkùnrin yẹn gba iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, ó di ọ̀gá àwọn tó ń ṣe eré níbẹ̀. A gbọ́ pé ó ṣe dáadáa.

Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Sanjō láti wá wo ilé tí wọ́n bí Namakura sí, débi pé àwọn ará ibùdókọ̀ ojú irin fi pátákó júwe ọ̀nà: ILÉ NAMAKURA. Ilé ọ̀bẹ tí kò mú, lẹ́nu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ! Bàbá gbé òòlù lọ láti wó pátákó náà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, èrò tó fẹ́ ra ọ̀bẹ ti to lọ bẹẹrẹ. Wọ́n gbé òòlù wọn padà sílé.

Ní ọdún 1994, ilé iṣẹ́ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin ìnagijẹ. Eré *Akóyìnyín* kejì jáde, orúkọ Kumakura Yasunari sì dúró gbagidi ní ìparí rẹ̀. Àwọn ènìyàn fárígá. Wọ́n ní ayédèrú ni, ta ló ń jẹ́ Kumakura? Olóògbé sọ pé ìyẹn kò dun àwọn, nítorí pé Bàbá yóò rí orúkọ náà. Fóònù dún, Bàbá ni. “Yasunari, dìde! Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ kúrò níbẹ̀!”

Láti ìgbà náà, Namakura ni Olóògbé ń kọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Tokuzō re ibi àgbà ń rè ní ọdún 1999, Ìyá Shige ní ọdún 2008.

Ní ti ẹ̀sìn, ọmọ tẹ́ḿpìlì Zen ìdílé wa ni Olóògbé. Wọn kì í pa ìjókòó àṣàrò jẹ, wọ́n sì máa ń sùn dáadáa níbẹ̀. Ní ti iṣẹ́ ìlú, wọ́n padà sí Sanjō ní ọdún 2017, wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn láti máa kó yìnyín lórí òrùlé àwọn opó. Ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú, tí ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Opó tó ni ilé náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n. “Ọmọ yìí, níbo lo ti kọ́ ọ, nínú tẹlifíṣọ̀n?” Olóògbé rẹ́rìn-ín, wọn kò pòṣé. Wọ́n tún gun òrùlé ní ọdún kejì.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2023 ni Olóògbé sùn tí wọn kò jí mọ́. Wọ́n fi aya wọn, Michiyo, sílẹ̀. Àti Fusae àbúrò wọn, tó wà nídìí ẹwìrì Kumakura títí dòní. Àti ọmọ méjì, Kaname àti Shinobu. Àti ọmọ ọmọ mẹ́ta, tí kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó kọjá òrùlé tó kẹ́yìn.

Ó kù kí a mọ orúkọ tí a ó kọ sí ara pátákó ìrántí. Michiyo ní Yasunari ni. Àwọn ọmọ ní Namakura ni, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọlọ́fọ̀ yóò ṣìnà. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di ariwo. Àlùfáà tẹ́ḿpìlì ló là wá. Wọ́n rán wa létí pé ẹni tó kú kì í jẹ́ orúkọ ayé mọ́, tẹ́ḿpìlì ló ń fún un ní òmíràn.

“Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi wá orúkọ,” ni Fusae wí. “Ẹ tún fẹ́ fún wọn ní òmíràn?”

“Èyí kò ní àṣìṣe,” ni Àlùfáà wí. Wọ́n ro ó gidigidi, wọ́n fi gègé àti tàdáwà kọ ọ́, ó gùn, ó sì rẹwà lójú. Wọ́n sì kọjá lọ síbi òkú mìíràn.

Bàbá Kaname, ọkọ Michiyo, ẹ rọra sùn. Kí yìnyín ibẹ̀ má wúwo lórí òrùlé yín. Kí ẹ bá Bàbá Tokuzō láyọ̀, kí wọ́n sì pè yín ní orúkọ tó bá wù wọ́n.

Orúkọ tuntun náà wà níwájú àwòrán wọn. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè kà á.