Iye Owó Tí Yóò Tó Kámbi ní Ekosodin

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdìde àárọ̀ kùtù, ẹ kú eruku àgbàdo. Mo kí Bàbá àgbà, mo kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí gbogbo àwọn tó ń gbé igbá àgbàdo wá bá yín. Mo kí Kámbi àbúrò mi pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé tó bá ka lẹ́tà yìí tán, inú rẹ̀ kò ní dùn sí mi fún ìgbà díẹ̀. Àwa tí a ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé wá kàwé ní ìlú Bìní níbí ní ìwé ìròyìn kékeré kan tí ẹgbẹ́ wa ń tẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n gbé lẹ́tà náà síbẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ìyá tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí ní Kétu.

Ìyá Rámà tó ń kó aṣọ wá sí ọjà Uselu ló fi lẹ́tà yín lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní ilé-ìwé wa ti gba Kámbi wọlé, ẹ sì ní kí n ṣírò ohun tí yóò máa ná, kí ẹ lè mọ̀ bóyá kí ẹ ta ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ àgbàdo. Ìyá Rámà fi kún un pé ẹnìkan ti wá wo ẹ̀rọ náà, ó ti ní kí ẹ tan án kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì ti dá iye. Ẹ̀rọ yẹn ló rán mi wá síbí, òun náà lẹ fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, kí n má fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí èmi ń bọ̀, a jókòó sínú yàrá yín, a ka owó ilé-ìwé, owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, a sì rò pé a ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Owó ilé-ìwé àlejò ju ti ọmọ onílé lọ, ìyẹn a ti mọ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé onílé ní Ekosodin tí mo ń gbé máa ń gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n lórí rẹ̀. A kò mọ̀ pé wọ́n ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, tàbí pé kẹrosíìnì lè wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òjò ibí náà kì í ṣe òjò Kétu. Ó máa ń rọ̀ bíi pé wọ́n rán an níṣẹ́, ẹrẹ̀ pupa rẹ̀ sì ti jẹ bàtà mi mẹ́ta. Ẹ béèrè nígbà Kérésì ìdí tí n kò fi wálé, mo sì ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Owó ọkọ̀ ni, Màmá. Mo jókòó sí yàrá lọ́jọ́ yẹn, mo ń gbọ́ orin lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, mo sì sunkún díẹ̀.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn ni ènìyàn lè fara dà. Ibi oúnjẹ ni ìṣirò wa ti ṣẹ́.

Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ wa. Ẹni tó bá ń jẹun, tí ẹlòmíràn sì ń kọjá, ó gbọ́dọ̀ pè é pé kó wá jẹun. Ẹni tó ń kọjá á ní, “Á gba ibi ire,” á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìkíni lásán ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí mo ṣe dé Ekosodin, mo gbé gàrí àti ọbẹ̀ ilá mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà. Ọmọbìnrin tó wà ní yàrá kejì ń kọjá lọ. Itohan ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀dó ni, Ekiadolor sì ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Mo ní kó wá jẹun. Ó dúpẹ́, ó lọ fọwọ́, ó sì jókòó tì mí.

Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣeré ni. Ó jẹun yó. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ń kọjá, ẹnu mi sì ti pè é kí n tó ronú. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gàrí tí mo rà ní Uselu pé kó gbé mi dé ìparí oṣù kò dé ìdajì oṣù. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo, tó ti pẹ́ nínú ilé náà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé n kò rí i pé gbogbo ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì nígbà oúnjẹ ni. Ó ní òun náà ń pe ènìyàn nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ebi ti kọ́ òun lọ́gbọ́n.

Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Itohan níta, mo sì dá òkèlè padà sínú àwo. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo wá rora ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá pe ènìyàn sí oúnjẹ, ìkíni ni. Kò bínú, ó kàn sọ pé, “You call me, I come. If you no want, no call me.” Ìyẹn ni pé mo pe òun lòun fi wá, bí n kò bá fẹ́, kí n má pè é mọ́. Ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ ju bí èmi tí mo sọ ọ́ ṣe gbà á gbọ́ lọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá pè é, mo pè é nìyẹn. Àwo méjì ni mo ń kà nínú owó oúnjẹ mi, mo sì ti yọ ẹran kúrò níbẹ̀. Bí a bá jẹun tán, Itohan máa ń bá mi ka ohun tí àwọn olùkọ́ sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, torí Faransé tí mo kọ́ nílé kò ràn mí lọ́wọ́ níbí rárá. N kò sọ ìyẹn bíi pé owó oúnjẹ ló ń san. Ká ní kò mọ ìwé kankan, ọ̀rẹ́ mi ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó pe orúkọ mi dáadáa ní ìlú yìí, nígbà tí àwọn yòókù ń pè mí ní “French”.

Ó wá ku ti Kámbi. Mo ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣírò. Bí mo bá ka àwo kejì mọ́ ọn, owó ẹ̀rọ kò ní gbé e dé ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí mo bá yọ àwo kejì kúrò, ó tó gẹ́ẹ́. Mo wo ìṣirò yẹn pẹ́. Gbogbo ohun tó kù ni pé kí n kọ́ Kámbi bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn jẹun, kó sì máa wo ilẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń kọjá. Mo lè kọ́ ọ bí a ṣe ń náwó kẹrosíìnì, bí a ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń dúnàá dúrà ní Uselu. N kò lè kọ́ ọ ní ti ilẹ̀kùn yẹn.

Nítorí náà, ẹ má ta ẹ̀rọ náà. Kí ẹni tó dá iye máa lọ ní àlàáfíà. Ó ku ọdún kan kí n parí, wọ́n sì ti ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí. Nígbà náà ni kí Kámbi máa bọ̀, kó wá bá mi gbé nínú yàrá mi, owó iṣẹ́ mi ni a ó sì fi ra àwo kejì. Kámbi, bínú sí mi bó o ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n dúró dè mí.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ̀rọ má kọ iṣẹ́, kí ẹ jẹ èrè gbogbo wa. Ẹ bá mi kí tẹbí tará. Nígbà tí ẹ bá sì wá kí wa níbí, ẹnìkan wà tí ẹ máa pè wá jẹun, tí yóò sì wá ní tòótọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyábọ̀