Alhaja Ràmọ́tà Àbíkẹ́ Kareem (1931–1989), Tíṣà Tó Gba Ohùn Ẹyẹ Sínú Kásẹ́ẹ̀tì

Nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni a ti bí Alhaja Ràmọ́tà Àbíkẹ́ lọ́dún 1931. Sàídù tó ń fín igbá ni bàbá wọn. Hajarat tó ń tà á ni ìyá wọn. Láti kékeré, ohun tí Màmá kò bá fọwọ́ kàn, wọn kì í gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 1953, Màmá gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Lọ́dún 1955, Alhaji Israfil Kareem, télọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbé wọn níyàwó. Kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí Màmá kì í gbá iwájú mọ́ṣáláṣí, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn.

Lọ́dún 1987, Màmá ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ìrẹsà. Màmá ní ẹyẹ inú ìwé kì í ké. Ni wọ́n bá gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ọkọ wọn, wọ́n kó kíláàsì lọ sínú igbó ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi dígí tó ń sọ kékeré di ńlá wo ẹsẹ̀ kòkòrò.

Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, bí tíṣà bá kó ọmọ wọgbó, oko tíṣà ni wọ́n ń lọ ro. Nígbà tí Gàfárù, ọmọ àgbẹ̀ kan, délé tí eèmọ́ lẹ̀ mọ́ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, bàbá rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìnsípẹ́kítọ̀ ilé ẹ̀kọ́ pé tíṣà ti sọ ọmọ òun di lébìrà. Màmá kò jẹun yó mọ́. Orúkọ tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ fẹ́ bàjẹ́ lójú wọn.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni eléyìí lò. Lọ́jọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ dé, tí bàbá Gàfárù náà wà níbẹ̀, Màmá gbé rédíò náà síwájú wọn. Màmá kàn tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ ké, ohùn Gàfárù sì tẹ̀ lé e: “Ìyá tíṣà, àparò nìyẹn. Ẹ má mira, á tún ké.” Bàbá Gàfárù ní kí wọ́n tún un lù, ó ń tẹ́tí bóyá òun á gbọ́ ìró ọkọ́. Kò gbọ́ ọ. Ó bú sẹ́rìn-ín: “Àparò ni lóòótọ́. Àgbàdo mi ló ń jẹ. Ìyá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.” Ìnsípẹ́kítọ̀ fa ìwé ẹ̀sùn náà ya. Lọ́jọ́ náà ni Màmá tó jẹun yó, ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀.

Àìsàn ráńpẹ́ ló mú Màmá lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1989. Ọkọ wọn, ọmọ mẹ́rin, Mashood, Raliat, Mubaraq àti Ìbùkúnọlá, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, a tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ohùn Màmá kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ̀rọ̀: “Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́.” A dákẹ́. Àparò ké.

Màmá, orúkọ yín mọ́. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ẹ sùn ire.