Má Gba Ẹ̀bẹ̀ Wọn, Morẹ́nikẹ́

Ifako-Ijaye, Èkó,
Ọjọ́bọ̀.

Morẹ́nikẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú ilé àjòjì. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé ẹsẹ̀ tó máa ń wú nígbà tí o wà nílé iṣẹ́ yín ní Oregun kò wú mọ́ ní Ṣàgámù tí wọ́n gbé ọ lọ. Ọmọ rẹ Jemimah wà lọ́dọ̀ mi. Ó jẹun, ó sì sùn. Mo fi èyí ṣíwájú kí àyà rẹ má baà já jù bí o bá ń ka ìyókù.

Mo ti ń pè ọ́ lórí fóònù láti ọjọ́ Ajé. Gbogbo ìgbà tí o bá gbé e, mo ń bi ọ́ pé kí lo jẹ, mo ń sọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ tí mo pè ọ́ fún kò jáde lẹ́nu mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì fi rán Suara àbúrò mi, tó ń wakọ̀ lọ sí ọ̀nà yín.

O mọ Ọ̀gbẹ́ni Àlàmú, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, tí wọ́n gba ilé tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán, tí a sì ti ń fún wọn lóúnjẹ. O mọ̀ pé ní gbogbo Sátidé, a máa ń yan ọmọ kan tó mọ̀wà hù pé kó gbé oúnjẹ Dádì lọ bá wọn ní ọ́fíìsì lókè. Ẹ̀yẹ la kà á sí. Èmi ni mo sì ń yan ọmọ. Ní Sátidé tó kọjá, Jemimah ló kàn, ó ní òun kò lọ. Kò sunkún. Ó kàn di ẹsẹ̀ tábìlì mú ni. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé ó fẹ́ dójú tì ọ́. Mo fà á lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn, mo ní kó kúnlẹ̀ kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dádì. Ó kúnlẹ̀. Dádì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa ni, má nà án." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì fi ọmọ rẹ sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ ń fọ àwo, ó bi mí pé, "Àǹtí Fàúsát, tí mo bá tún kúnlẹ̀ dáadáa, ṣé wọn ò ní rán mi lọ mọ́?" Mo bi í pé lọ síbo. Ó wá sọ fún mi. Ọkùnrin náà ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ kí àgbà fọwọ́ kan ọmọ, ó sì kìlọ̀ fún un pé bó bá sọ ọ́, ẹgbẹ́ yóò túká, ebi yóò sì pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyókù, Jemimah ni yóò sọ ọ́ fún ọ bó bá fẹ́. Kì í ṣe tèmi láti kọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú kiri. Ọmọ mìíràn wà, Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí. Ní gbogbo Sátidé tó bá kàn án, inú máa ń run ún. Oògùn inú rírun ni mo ń fún un, lẹ́yìn náà màá ní kó gbé oúnjẹ lọ. Òfin ààbò ọmọ sì wà lára ògiri wa, pé ọmọ kan kò gbọ̀dọ̀ dá wà pẹ̀lú àgbà nínú yàrá. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ gàdàgbà. Àlàmú ló ra páálí rẹ̀. A ń fi òfin náà ṣọ́ àwọn olùkọ́ tuntun àti ọkùnrin tó ń pọnmi. Kò sí ẹni tó rò pé ó kan ẹni tó ń bọ́ wa. Mo ti ka ìwé rẹpẹtẹ lórí ọmọ títọ́, Morẹ́nikẹ́. Ṣé ìwà ọmọlúàbí ni a ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ni, àbí bí wọn yóò ṣe dákẹ́?

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá Ìyá Bùsọ́lá, alága ẹgbẹ́. Wọ́n sunkún, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, ká má jẹ́ kí ará ìta gbọ́. Mo ní kò ṣeé bò mọ́lẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo ti kà. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: "Fàúsát, ìwé tí ò ń kà yẹn ti pọ̀ jù. Ṣé ìwé ni yóò dáná fún àwọn ọmọ yìí lọ́la?" Àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó jókòó tì wọ́n rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò wá bá ọ ní Ṣàgámù lọ́jọ́ Àìkú, wọn yóò mú ìyá ìjọ kan dání láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ ní Abúlé Ẹ̀gbá, wọn yóò kúnlẹ̀ fún ọ, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀, nítorí o kò ní lè wò mí nílẹ̀ kí o má fà mí dìde. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Lánàá ni mo mú Jemimah lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tí àgbà ṣe níkà. Obìnrin tó gbà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò kán an lójú. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ìyá ọmọ bá sọ pé òun ti gba ẹ̀bẹ̀, iṣẹ́ àwọn yóò nira. Ẹgbẹ́ ti tilẹ̀kùn. Àwọn ìyá kan ládùúgbò ń sọ pé èmi ni mo fẹ́ febi pa ọmọ àwọn.

Jọ̀ọ́, máa bọ̀ kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Bí wọ́n bá bá ọ nílé, fún wọn lómi mu, ṣùgbọ́n má gba ẹ̀bẹ̀ wọn. N kò ní sí láàrin wọn. Mo jẹ ọ́ ní ìkúnlẹ̀, mo mọ̀, orúnkún mi ti ń wá ilẹ̀ láti ọjọ́ tí mo gbọ́. Síbẹ̀, má tíì dárí jì mí. Bí o bá dárí jì mí báyìí, ibi tí mo bá gbà wọlé ni gbogbo wọn yóò gbà. Jẹ́ kí tèmi dúró síta títí a ó fi gbọ́ ti ọmọ tán.

Kí Ọlọ́run fún ọ lágbára. Kí ó la ọ̀nà fún ọ wálé láyọ̀. Kí Jemimah dàgbà nínú ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ní dẹ́rù bà á.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o fi ọmọ sí lọ́wọ́,
Fàúsát.

Àfikún: Jemimah ní kí n bi ọ́ bóyá o ń bínú sí òun. Mo ti sọ fún un pé rárá. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ.